Ẹ̀rọ tó ń kùn bí oyin n'Ìsàlẹ̀ Èkó: ẹ má gé wáyà ilẹ̀ o!

Ẹ gbọ́ ná o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí mo bá sọ pé ẹ̀rọ orin fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn nínú ilé tiwa, ẹlòmíì á ní àsọdùn ni, pé ẹ̀rọ orin kì í ṣe mọ́tò, kì í sì í ṣe ìbọn. Kì í ṣe àsọdùn. Díẹ̀ báyìí ló kù ká fi òkú tuntun kún ìrántí òkú àtijọ́. Nítorí bọ́rọ̀ ṣe rí lára mi ni mo ṣe pa gbogbo gbéborùn ọ̀sẹ̀ yìí tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ ta ló gba ọkọ ta ni, ẹ fara mọ́ mi lónìí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọdún kẹwàá tí bàbá wa ti ṣaláìsí ló ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Alhaja, tó ń gbé ilé bàbá wa nítòsí Ìdúmàgbò títí di òní olónìí, sọ pé lẹ́yìn táwọn àfáà bá ṣàdúà tán, táwọn èèyàn bá sì ti jẹun tán, rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá gan-an la máa gbọ́, kì í ṣe ti DJ kankan. Ẹ̀rọ bàbá ṣì wà ní pálọ̀ òkè. Owó Udoji ni wọ́n fi rà á lọ́dún 1975, nígbà tíjọba san àfikún owó oṣù pa pọ̀ fáwọn òṣìṣẹ́, tí gbogbo Èkó ń ra ẹ̀rọ orin àti fìríìjì bí ẹni ń ra ẹ̀pà. Tàwọn ẹlòmíì ti di ohun tí wọ́n kó dà sí ààtàn, tiwa ṣì wà: ańpìlìfáyà kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wúwo bí àpótí irin, ẹ̀rọ tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù, àti sípíkà méjì tó ga dé itan èèyàn. Nínú àwọn àwo tó wà níbẹ̀, ti Yusuf Olatunji, Baba Lẹ́gbà tó kú lọ́dún 1978, ló pọ̀ jù. Haruna Ishola ló tẹ̀ lé e. Bàbá wa kì í fọwọ́ kan ti ẹnì kẹta kó tó gbọ́ tàwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Alhaja ní kóun gbìyànjú ẹ̀rọ náà wò kí ọjọ́ tó pé. Bó ṣe tàn án, hùùùùù ló gbọ́. Kò tíì gbé àwo lé e o. Ó ní ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn bá ki orí bọ inú ilé oyin. Ó pè mí, ó gbé fóònù sún mọ́ sípíkà kí n lè fetí ara mi gbọ́.

"Àbúrò mi, ẹ̀rọ bàbá ń kùn o. Àbí a ti ṣẹ Bàbá ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, màá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà Ìsàlẹ̀ Èkó kì í lè dúró de ẹnikẹ́ni. Kí n tó dé, wọ́n ti pe ẹnì kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnjiníà. Ẹ má bi mí lórúkọ ẹ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ sọ pé tiransifọ́mà ló kú, ó dárúkọ iye kan tí Alhaja fi lọgun. Nígbà tó rí i pé owó ò sí, ó ní ọ̀nà mìíràn tún wà. Ó tú pílọ́ọ̀gì ańpìlìfáyà, ó gé wáyà kan níbẹ̀, ó fi séló wé e, ó dé e padà. Bó ṣe tan ẹ̀rọ báyìí, kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n fún un lówó, wọ́n tún fún un ní ẹran.

Nígbà tí mo wọlé, Baba Lẹ́gbà ló ń kọrin, góòjé ń dún, Alhaja ń mi orí. Wọ́n sọ ohun tí Ẹnjiníà ṣe fún mi, èmi náà sì yìn ín. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: èmi tí mò ń kọ ìwé fáyé kà, mo ní ọkùnrin náà gbọ́n.

Wáyà tó gé yẹn, wáyà ilẹ̀ ni, èyí táwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ẹ̀ ni ọmọ Alhaja ọkùnrin, ẹni tí ọdún rẹ̀ ò tíì tó ogún, fẹ́ gbé dikódà tẹlifíṣàn lọ sí yàrá rẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Òun ló ti so dikódà yẹn mọ́ ẹ̀rọ bàbá ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kí ariwo bọ́ọ̀lù lè máa jáde nínú sípíkà ńlá. Ẹ̀rọ ṣì wà lórí iná. Ó fi ọwọ́ òsì di irin ańpìlìfáyà mú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa wáyà dikódà yọ lẹ́yìn ẹ̀. Bí ẹnu wáyà yẹn ṣe já kúrò báyìí, iná gbé e. Alhaja ní òun ò gbọ́ "yéè" kankan, ohun tóun gbọ́ ni gbì! Ó ti bá ara rẹ̀ lẹ́yìn àga. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é tó fi jẹ́ pé ìṣubú rẹ̀ ló já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ojú ibi tó jó ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí dòní. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò bóyá ó ń lù dáadáa, alẹ́ ni wọ́n tó ní ká máa gbé e lọ sílé.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó fa á, torí mo mọ̀ pé ilé tí wọ́n ti gé wáyà yìí n'Ìsàlẹ̀ Èkó nìkan pọ̀ ju ohun téèyàn lè kà lọ.

Ẹ wo pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta tó wà nílé yín. Wáyà mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀ bó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ onírin. Èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ ló ń gbé iná wá, èyí tó ní àwọ̀ aró ló ń gbé e padà, èyí tí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ òféèfé wà lára rẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì. Nínú àwọn wáyà àtijọ́, pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé ni wọ́n ń lò. Ẹ́ẹ̀tì ò ṣe nǹkan kan nínú orin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ó so irin ara ẹ̀rọ mọ́ irin gígùn kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níta. Lọ́jọ́ tí iná bá já sí ara irin ẹ̀rọ, ẹ́ẹ̀tì á gbé e gba inú ilẹ̀ lọ. Bí ó bá pọ̀, fíúsì inú pílọ́ọ̀gì á já, ẹ̀rọ á kú, ẹ̀yin á wà láàyè. Bí ẹ bá gé e, ara yín ló kù tí iná yóò gbà dé ilẹ̀. Kò sì dìgbà tí iná náà bá pọ̀. Iná tí kò tó èyí tó lè tan gílóòbù kékeré, bó bá gba àárín àyà èèyàn kọjá, ó lè dá ọkàn dúró.

Ańpìlìfáyà bàbá ti dàgbà. Tiransifọ́mà inú rẹ̀ ti ń jo iná díẹ̀díẹ̀ sí ara irin, bóyá láti ọdún pípẹ́, a ò sì mọ̀, torí ẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e lọ láìpariwo. Ọjọ́ tí Ẹnjiníà gé ẹ́ẹ̀tì, wáyà orin tín-ínrín tó so dikódà mọ́ ọn ló wá ń ṣiṣẹ́ ẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ọmọ wa fọwọ́ kan di irin tí iná wà lára rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì fa ọ̀nà kan ṣoṣo tí iná yẹn ń gbà lọ sílẹ̀ yọ. Òun fúnra rẹ̀ ló wá di wáyà.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kíkùn yẹn fi dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n gé ẹ́ẹ̀tì? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyẹn. Bàbá oníná kan ló là mí lójú, ọkùnrin àgbàlagbà tó ti ń fa wáyà sínú àwọn ilé àdúgbò wa láti ìgbà táwọn kan lára yín kò tíì dáyé. Lọ́jọ́ kejì tí iná gbé ọmọ náà ló wá. Kó tó tú ohunkóhun, ó ní ká yọ gbogbo pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló wá gun òrùlé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Alhaja, ta ló so irin díìṣì yìí mọ́ páìpù omi?"

Ẹ rí i, páìpù irin tó ń fa omi kànga dẹ̀rọ wa wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà. Irin tí díìṣì dúró lé ń kan páìpù yẹn. Wáyà díìṣì sọ̀ kalẹ̀ wọ dikódà, wáyà orin jáde nínú dikódà wọ ańpìlìfáyà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ańpìlìfáyà ní ọ̀nà méjì tó ń gbà dé ilẹ̀: ó ń gba ara ògiri lọ sí irin ẹ́ẹ̀tì ilé, ó tún ń gba òrùlé lọ sí páìpù omi. Ilẹ̀ tó wà níwájú ilé àti èyí tó wà lẹ́yìnkùlé kì í dọ́gba lójú iná. Ìyàtọ̀ díẹ̀ máa ń wà. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń mú iná kékeré kan máa rin yípo gba inú wáyà orin kọjá, ańpìlìfáyà ò sì mọ̀ pé kì í ṣe orin, torí náà ó gbé ohùn rẹ̀ sókè bó ṣe ń gbé ti Baba Lẹ́gbà sókè.

Ohùn yẹn gan-an, ohùn iná ni. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé wa, ECN ló ń múná wá. NEPA dé lọ́dún 1972, wọ́n sọ ọ́ di PHCN lọ́dún 2005, wọ́n sì tà á fáwọn aládàáni lọ́dún 2013, síbẹ̀ "Up NEPA" làwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń pariwo. Orúkọ ń yí, iná ò yí: ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lílọ bíbọ̀ yẹn lẹ̀ ń gbọ́ tẹ́ ẹ ní oyin ló ń kùn.

Nítorí náà, nígbà tí Ẹnjiníà gé ẹ́ẹ̀tì, lóòótọ́ ló dí ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì. Èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀ ló dí. Ìbá ṣe pé ó yọ wáyà dikódà ni, kíkùn náà ì bá dákẹ́ bákan náà, ewu kankan ì bá má sí.

Bàbá oníná kọ́ mi ní bí èèyàn ṣe ń wá ìdí kíkùn láìná kọ́bọ̀, mo sì ti fi ṣe é nílé ẹlòmíì lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣiṣẹ́. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ má fi orin kankan sí i. Ẹ yí ibi ohùn sílẹ̀ pátápátá, kó dé òdo. Ṣé ó ṣì ń kùn bó ṣe ń kùn tẹ́lẹ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, inú ańpìlìfáyà gan-an ni àìsàn wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn kàpásítọ̀ ńlá inú ẹ̀ ló ti gbẹ. Kíkùn irú ìyẹn tún máa ń lọ sókè díẹ̀, torí ìgbà 100 ló máa ń jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 50. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́, ẹ má tú u fúnra yín o. Kàpásítọ̀ yẹn lè di iná mọ́ra kẹ́ ẹ ti yọ pílọ́ọ̀gì tipẹ́, yóò sì gbé yín bí ẹni pé ó wà lára ògiri.

Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́ nígbà tẹ́ ẹ yí ohùn sílẹ̀, tó sì ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń yí i sókè, ẹ fọkàn balẹ̀, ohun tẹ́ ẹ so mọ́ ọn ló ń kó o wọlé. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ yọ gbogbo wáyà orin tó wà lẹ́yìn ẹ̀, sípíkà nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tún un tàn. Ó dákẹ́? Ẹ máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ tó dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà, ẹ pa ẹ̀rọ ná. Èyí tẹ́ ẹ bá dá padà tí kíkùn fi bẹ̀rẹ̀, òun lolè.

Olè tiwa kọ́kọ́ jẹ́ dikódà. Ọmọ Alhaja ò sì fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ títí láé, torí bọ́ọ̀lù inú sípíkà ńlá ti wọ̀ ọ́ lára, bíná tilẹ̀ ti gbé e. (Àwọn ọmọ ayé òde òní!) Bàbá oníná ní nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń tà l'Ọjà Alábà, àpótí pínníṣín tó ní tiransifọ́mà tíńtìntín méjì nínú. Àárín wáyà orin ni wọ́n ń fi í sí. Orin á gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n irin wáyà ti ìhín kò ní kan ti ọ̀hún, ọ̀nà yípo náà á já. Irú oògùn tó yẹ kí Ẹnjiníà lò nìyẹn. Ara wáyà orin lèèyàn ti ń já ọ̀nà yẹn, kì í ṣe ara wáyà ẹ́ẹ̀tì. Ó tún sọ irin díìṣì kúrò lára páìpù omi, ó so ó mọ́ ẹ́ẹ̀tì ilé. Ó yọ tiransifọ́mà ańpìlìfáyà, ó gbé e lọ fún ẹni tó ń wé e tuntun, ó fi wáyà ẹlẹ́nu mẹ́ta tuntun sí i.

Ó tún ṣe ohun kan tí mi ò retí. Ó fi mítà rẹ̀ wọn gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Nínú mọ́kànlá tó wà lókè, mẹ́rin ò ní ẹ́ẹ̀tì rárá. Ihò mẹ́ta wà lójú wọn, wáyà méjì péré ló wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé nínú àwọn ilé àtijọ́ láti Ẹnu Òwá dé Òkè Àrín dé Ìtà Fàájì, níbi tí wọ́n ti ń fi yàrá kún yàrá, tí wọ́n ń fa wáyà láti inú yàrá bọ́ sí yàrá, ẹ má fi ihò kẹta yẹn tan ara yín jẹ. Ẹ pe ẹni tó ní mítà. Kó tún wo irin ẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú, torí afẹ́fẹ́ ọ̀sà níhìn-ín ní iyọ̀ nínú, ìdè tó so wáyà mọ́ irin yẹn máa ń dípẹtà títí tí kò fi ní kàn án mọ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. A tan ẹ̀rọ, a gbé àwo lé e, ohùn jáde. Ṣùgbọ́n Bàbá oníná gbé etí sún mọ́ sípíkà, ó ní, "Ó ṣì ń kùn lábẹ́lẹ̀." Èmi ò gbọ́ nǹkan kan títí tó fi yí ohùn sókè. Lóòótọ́, kíkùn jẹ́jẹ́ kan wà níbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí ohùn bá ti wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ fetí sí èyí. Ohùn tí abẹ́rẹ́ ń mú jáde lára àwo kéré púpọ̀, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún fóólùtì kan lọ, nígbà tí ti dikódà lè tó odidi fóólùtì kan tàbí méjì. Nítorí náà ni ihò tí wọ́n kọ PHONO sí lẹ́yìn ańpìlìfáyà ṣe ń gbé ohùn sókè ju àwọn ihò yòókù lọ, tí ìdọ̀tí tó bá sì bá a wọlé, á gbé òun náà sókè. Bí ẹ bá ki ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù bọ ihò AUX, ohùn á rí bí ẹni tí ebi ń pa. Bí ẹ bá ki dikódà bọ PHONO, á máa ya, á sì fẹ́ fa sípíkà yín ya.

Yàtọ̀ sí wáyà orin méjì, pupa àti funfun, ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ máa ń ní wáyà kẹta, tín-ínrín, tó dá dúró, tí ẹnu rẹ̀ dà bíi fọ́ọ̀kì oníka méjì. Abẹ́ ìdè kékeré kan tí wọ́n kọ GND sí lẹ́yìn ańpìlìfáyà ló yẹ kó wà. Bàbá oníná wá tiwa títí, ó bá a níbi tí wọ́n ti ká a jọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ó já ọ̀rá, ó fi fọ́ọ̀kì yẹn sábẹ́ ìdè, ó dè é. Ohùn tó jáde lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí nílé wa.

Àwọn tí mo sọ ìtàn yìí fún níbi iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú tiwọn wá. Ọ̀kan ní bóun bá so fóònù mọ́ ẹ̀rọ, á máa kùn, pàápàá bí iná bá ti dé. Mo ní ṣé ẹ máa ń fi fóònù náà sórí ṣájà lásìkò yẹn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó yọ ṣájà. Ó dákẹ́. Ẹlòmíì ní ohùn kan ń wá, ohùn kan ń lọ, bó bá sì fọwọ́ kan wáyà, á dún gbààà. Wáyà ọ̀pọ̀ ni, ara rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ ti já. Wáyà orin ní okùn kan láàárín, ó ní irin títa tó yí i ká bí ìbora. Ìbora yẹn ni kì í jẹ́ kí kíkùn wọlé. Bó bá já lẹ́nu, ohun gbogbo wọlé nìyẹn. Ẹ ra tuntun, ẹ má sì dì í mọ́ wáyà iná bí ẹni di ìdì ewéko. Bó bá di dandan kí wọ́n pàdé, kí wọ́n dá ara wọn kọjá bí oríta ni.

Obìnrin kan láti Ọ̀bálẹ́ńdé ní ẹ̀rọ tòun kì í kùn, ṣùgbọ́n ìlù ò dún, bí ẹni pé wọ́n yọ gbẹ̀du kúrò nínú orin. Ibi sípíkà ni kẹ́ ẹ wò bó bá rí bẹ́ẹ̀. Ó ti so pupa mọ́ dúdú lára sípíkà kan, ó sì so èkejì bó ṣe yẹ, èyí tí ń ti afẹ́fẹ́ síwájú lèkejì ń fà á sẹ́yìn, ìlù sì ń pa ara wọn. Bí wáyà yín ò bá ní àwọ̀, ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn ańpìlìfáyà, ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo kan ẹnu rẹ̀ wéréwéré. Bí awọ sípíkà bá sún síta, ẹ̀gbẹ́ tó ní àmì àròpọ̀ lára bátìrì ló wà níbi pupa. Kẹ́ ẹ tó dá a padà, ẹ rí i pé fọ́nrán kan ṣoṣo lára wáyà náà ò yọ lọ kan ìkejì rẹ̀, torí fọ́nrán bíńtín yẹn lè jó ańpìlìfáyà odidi.

Ti jẹnẹrétọ̀ ń kọ́? Kíkùn tó bá ń ga tó ń wálẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré, jẹnẹrétọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ má da ańpìlìfáyà láàmú. Látìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá bọ́ sídìí inverter, àwọn kan sì ń sọ fún mi pé ẹ̀rọ àwọn ń kùn bíi kòkòrò nígbà tó bá wà lórí ẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára inverter náà. Bó bá jẹ́ "modified sine wave", iná rẹ̀ ní igun, ẹ̀rọ orin kì í fẹ́ràn rẹ̀. "Pure sine wave" ni kẹ́ ẹ béèrè bí orin bá ṣe pàtàkì sí yín. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, mi ò ní purọ́ fún yín.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn àgbàlagbà ilé wa máa ń sọ̀rọ̀ nípa àpótí tó sọ̀rọ̀ n'Ìsàlẹ̀ Èkó kí rédíò tó kárí, èyí tí wọ́n sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Oṣù kejìlá ọdún 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ l'Ékòó. Àpótí sípíkà kan péré ni, wáyà kan ló gbé ohùn wá láti ibi iṣẹ́ wọn, kò sí wáyà iná lára rẹ̀. Èèyàn á san owó oṣù, á sì jókòó gbọ́. Bó bá ń kùn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín lo máa lọ. Àwa tá a wá ń so nǹkan méje mọ́ ara wọn, ẹjọ́ wa ti di tiwa.

Ọjọ́ ìrántí pé. Àwọn àfáà ṣàdúà, a jẹ ìrẹsì, a jẹ ẹran. Ọmọ Alhaja ló tan ẹ̀rọ. Bàtà rọ́bà ló wọ̀, ìka kan ló fi tẹ bọ́tìnì, ó fi ọwọ́ kejì sẹ́yìn bí ọlọ́pàá tó wà lórí ìlà. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, òun ò rín. Góòjé Baba Lẹ́gbà bẹ̀rẹ̀, ohùn mọ́ gaara, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa gbọ́ ta-ta-ta ara àwo.

Ọ̀rẹ́ bàbá wa kan tó kù láyé wà níbẹ̀, bàbá arúgbó láti Òkè Àrín. Ó gbọ́ orin náà títí, ó gbé ọwọ́ lé àgbọ̀n. Alhaja bi í pé ṣé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn, ọmọ mi. Ó kàn mọ́ jù ni. Nígbà ayé bàbá yín, ó máa ń kùn díẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Àwa rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."